Ọjọ́ Mọ́kànlá Tí Wọ́n Fi Àìsàn Bàbá Wọn Pamọ́ fún Mi

Ọdún tí ìjì ṣí òrùlé ilé ìwé tó wà lẹ́sẹ̀ òkè Olósùnta, tó gbé páànù kan lọ jù sínú ọgbà àlùfáà wa, ọdún yẹn ni mo fi Ìkẹ́rẹ́ sílẹ̀. Mi ò mọ iye tí wọ́n ń ka ọdún náà. Ọmọ ọmọ mi, ọmọ Dáre tó ń bá mi kọ èyí, ní òun lè wá a jáde nínú fóònù, mo ní kó fi í sílẹ̀. Àwa tí a ṣa páànù yẹn jọ mọ ọdún tí à ń sọ. Kòrónà ti lọ nígbà náà, a ti ń bọ ara wa lọ́wọ́ padà ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ọmọ mi obìnrin, Fúnmi, ló ní kí n wá. Ó bímọ sí ìlú òyìnbó, ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní ìlú mìíràn, ọjọ́ Sátidé nìkan ló ń wálé. Fúnmi fúnra rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní ilé àyẹ̀wò kan tí wọ́n ti ń wádìí rọpárọsẹ̀, àìsàn tí ẹ̀jẹ̀ fi ń kọ̀ láti dé inú ọpọlọ, tí apá kan ara á sì kú. Nígbà tó kọ́kọ́ sọ fún mi pé iṣẹ́ òun nìyẹn, mo ní, "Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí o rí i nínú ilé rẹ." Ó ṣe àmín.

Bàbá wọn, ọkọ mi, kọ̀ láti bá mi lọ. Àgbẹ̀ ni, oko kòkó rẹ̀ wà lójú ọ̀nà Ẹmùré, ó ní òun ò lè fi í sílẹ̀ fún ọ̀kẹ́rẹ́.

"Oṣù mẹ́fà ni o, ìyàwó," ó wí. "Bí o bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, mà á fẹ́ ẹlòmíràn."

"Ẹ fẹ́ ẹ," mo ní. "Ẹ ṣáà rí i pé ó mọ uyán gún."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Bí mo ṣe kúrò nílé nìyẹn, pẹ̀lú ẹ̀rín.

Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù lọ́hùn-ún kì í ṣe òtútù. Oòrùn ni. Ó yọ, ó mọ́lẹ̀ kedere, mo jáde síta pẹ̀lú ìró àti bùbá, àfi bí ẹni tó ki orí bọ inú omi yìnyín. Oòrùn tí kò mú! Mo pe bàbá wọn lọ́jọ́ náà, mo ní oòrùn ibí, ti fọ́tò ni.

Èkejì ni ìkíni. Mo dé ibùdókọ̀, mo bá obìnrin àgbàlagbà kan tó jókòó, mo tẹ orúnkún díẹ̀, mo ní, "Ẹ káàárọ̀ mà." Ó gbá báàgì rẹ̀ mọ́ àyà, ó sún lọ sí ìpẹ̀kun bẹ́ǹṣì. Fúnmi ní, "Yèyé, ẹ kàn máa rẹ́rìn-ín sí wọn, ó ti tó." Ẹ̀rín láìsí ọ̀rọ̀! Ní Ìkẹ́rẹ́, ẹni tó bá ń rẹ́rìn-ín sí ni láìkí ni, a ó bi í léèrè ohun tó jí.

Iṣẹ́ mi ni ọmọ. Mo ń wẹ̀ ẹ́, mo ń fọ aṣọ rẹ̀, mo ń dáná de ìyá rẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan tó máa ń yí ilé ká wá lọ́jọ́ kan, ó bá mi níbi tí mo ti ń na apá ọmọ, tí mò ń na ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ìwẹ̀, ló bá fi igbe ta. Fúnmi túmọ̀ rẹ̀ pé eegun ọmọ lè yẹ̀. Èmi tí mo na Dáre, tí mo na Fúnmi, eegun ta ló yẹ̀ nínú wọn? Láti ọjọ́ náà lọ, mo kọ́kọ́ ń ti ilẹ̀kùn kí n tó na ọmọ.

Mo ní ìṣẹ́gun tèmi náà. Mo dá wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ṣọ́ọ̀bù àwọn aláwọ̀ dúdú, mo ra iṣu, mo sì padà sílé láìsọnù. Ilẹ̀kùn pupa kan tó ní ilé àgbékà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni mo fi ṣe àmì. Nígbà tí mo sọ fún bàbá wọn lórí fóònù, ó ní, "O ti di òyìnbó nìyẹn. Kí n bẹ̀rẹ̀ sí í wá aya."

Lójoojúmọ́ ló ń pè mí, bó bá ti oko dé, tó ti wẹ̀. Òun ló máa kọ́kọ́ béèrè bóyá mo ti jẹun. Èmi á wá bi í pé, "Àlejò ń kọ́?" Òun á ní, "Ó ṣì jókòó." A ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àlejò yẹn, eyín ni. Eyín èrìgì kan ní apá òsì nísàlẹ̀, tó ti jẹrà láti nǹkan bí ọdún kan. Ọkọ mi yìí, eyín ló fi ń yangàn. Òun ló ń fi eyín ṣí ìgò fún gbogbo ilé nígbà ọdún, tó ń pa èkùrọ́ níwájú àwọn ọmọdé kí wọ́n lè pàtẹ́wọ́. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀. Ó ń fi kànáfùrù dí i, èmi ni mò ń fi iná tọ́ọ̀ṣì wò ó, tí mò ń fi omi iyọ̀ fọ̀ ọ́. Ó mú mi búra kí n tó lọ pé mi ò ní sọ fún Dáre, nítorí Dáre á fi ọkọ̀ gbé e lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn eyín tipátipá. Mo búra.

Ọjọ́ Ajé kan, kò pè. Mo ní bóyá iná ni kò sí, fóònù ti kú. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kò pè. Mo ní kí Fúnmi bá mi tẹ nọ́ńbà rẹ̀. Ó dún títí, kò sẹ́ni tó gbé e. Mo ní kó tẹ ti Dáre, tó jẹ́ tíṣà ní Ìkẹ́rẹ́.

"Yèyé, ẹ kú ilé o. Ṣé òtútù ò pọ̀?"

"Òtútù wà láyè rẹ̀. Bàbá rẹ ń kọ́?"

"Wọ́n lọ sí Ògòtún. Òkú kan ni wọ́n lọ sin."

"Òkú ta ni?"

"Ará ìdílé wa kan."

"Dáre, ìdílé wo la ní ní Ògòtún?"

"Yèyé, nẹ́tíwọ̀kì yìí ò dáa. Ẹ̀n? Mi ò gbọ́ yín mọ́ o."

Nẹ́tíwọ̀kì tó dáa nígbà tó ń béèrè òtútù lọ́wọ́ mi!

Nígbà tó di ọjọ́ kẹrin, àbúrò ọkọ mi ló gbé fóònù. Bàbá Kékeré ni mò ń pè é, torí a kì í pe ọmọ ilé ọkọ lórúkọ. Òun ní ẹ̀gbọ́n òun lọ ra èèbù iṣu ní Ìlúmọba.

"Èèbù kẹ̀? Ṣé àsìkò èèbù la wà yìí?"

"Ìyàwó, ìwọ náà fẹ́ràn ìwádìí jù. Ṣé ọlọ́pàá ni wọ́n fi ọ́ ṣe lọ́hùn-ún ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. Mo ti ń gbọ́ ẹ̀rín ọkùnrin yìí láti ọjọ́ tí mo ti wọlé wọn, mo mọ èyí tó ti inú wá.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo Fúnmi. Ó ń ti ibi iṣẹ́ dé pẹ̀lú ojú pupa. Mo bi í. Ó ní àlùbọ́sà ni. Èmi ni mò ń dáná nílé yẹn, mi ò gé àlùbọ́sà kankan lọ́jọ́ náà. Ó ń lọ dáhùn fóònù nínú ilé ìwẹ̀, á sì ṣí omi kí n má baà gbọ́. Mo rò pé òun àti ọkọ rẹ̀ ló ń jà. Mo gbàdúrà fún ìgbéyàwó wọn. Ẹ wo àdúrà tí mò ń gbà.

Nítorí pé mi ò mọ̀wé, àwọn obìnrin ẹgbẹ́ akọrin wa máa ń sọ̀rọ̀ sínú fóònù, wọ́n á fi ránṣẹ́. Mo kàn máa ń tẹ ibi tó rí bí ẹnu ọfà, ohùn wọn á sì jáde. Ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ kejì, mo gbé ọmọ pọ̀n, ìkòkò wà lórí iná, fóònù dún. Ìyá Bọ́lá ni, ẹni tí a jọ ń dúró lórí ìlà kan náà ní ẹgbẹ́ akọrin. Kò sẹ́ni tó kìlọ̀ fún un.

"Ìyá, ẹ kú àjò o. Ẹ má mikàn rárá. A lọ kí bàbá ní Adó lánàá. Apá yẹn ò tíì gbé, ọ̀rọ̀ ò tíì jáde, ṣùgbọ́n wọ́n ń lajú. Ibà tó ń ṣe wọ́n yẹn nìkan ni dókítà ò rí ìdí rẹ̀. Ọlọ́run tó jí Lásárù á jí wọn dìde. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa jẹun o."

Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta. Mo pa iná, mo lọ jókòó sórí àtẹ̀gùn pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn mi, ibẹ̀ ni Fúnmi bá mi.

"Fúnmi, kí ló ṣe bàbá rẹ?"

Báàgì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Ta ló sọ fún yín?"

"Ohun tí mo bi ọ́ kọ́ nìyẹn."

Ó kúnlẹ̀ síwájú mi lórí kápẹ́ẹ̀tì. "Wọ́n ṣubú nínú ilé ìwẹ̀, Yèyé. Rọpárọsẹ̀ ni. Apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún. Wọn ò lè sọ̀rọ̀."

"Nígbà wo?"

"Ọjọ́ Ajé. Kì í ṣe Ajé tó kọjá yìí, èyí tó ṣáájú rẹ̀. Ọjọ́ kọkànlá rèé."

"Ìwọ mọ̀ láti ìgbà wo?"

"Láti ọjọ́ kìíní."

"Ọjọ́ mọ́kànlá lo fi ń jókòó ti mí, tí ò ń jẹ uyán mi, tí o ní kí n sun oorun ire."

"Wọ́n ní kí n má sọ ni, Yèyé. Ẹ̀jẹ̀ yín ń ru. Ẹ sì wà lájò. Kí lẹ fẹ́ ṣe sí i láti ibí?"

Mo fẹ́ gbá a létí. Ọmọ tó wà lẹ́yìn mi ló gbà á sílẹ̀. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹnu nà án, mo ní òpùrọ́ ni, mo ní ọkàn òyìnbó ti wọ inú rẹ̀. Ìgbà tí mo pe ọkàn òyìnbó yẹn ló gbé ojú sókè.

"Nígbà tí ìyá yín kú, tí mò ń ṣe ìdánwò ọdún kìíní mi níbí, ta ló ń sọ fún mi pé ìyá àgbà lọ sinmi ní Àkúrẹ́? Ọ̀sẹ̀ márùn-ún, Yèyé. Mò ń ra bàtà òtútù fún wọn, wọ́n sì ti wà nínú ilẹ̀. Kì í ṣe òyìnbó ló kọ́ mi. Ẹ̀yin ni."

Mo tún ọ̀já ọmọ dì.

Àwa la ni ín, àṣà náà. A kì í ran ìròyìn burúkú sí ẹni tó wà lájò. Àwọn tó dá a sílẹ̀, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn. Wọ́n ń bẹ̀rù pé ẹni tó bá gbọ́ á sáré wálé láìsinmi, á ṣubú lójú ọ̀nà, òkú á wá di méjì. Èmi ò lè sáré lọ síbì kankan. Mo ti jókòó sórí àtẹ̀gùn ẹni ẹlẹ́ni, òkun wà láàárín. Kí ni wọ́n ń gbà mí lọ́wọ́ rẹ̀?

Nígbà tó yá, mo sọ ọmọ kalẹ̀, mo ní, "Ó dáa. Iṣẹ́ rẹ nìyí. Sọ bó ṣe rí nínú orí bàbá rẹ fún mi. Má bò ó."

Ó jókòó ti tábìlì ilé ìdáná. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ló dì, tó sì dí ojú iṣan kan nínú ọpọlọ. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ ò dé ti kú, ìyẹn ti kọjá àtúnṣe.

"Ṣùgbọ́n ohun tó ń kú níbẹ̀ kì í kú jẹ́jẹ́, Yèyé. Á ké. Àwọn nǹkan kéékèèké kan wà tí ojú ò lè rí. Ìránṣẹ́ ni mo máa ń pè wọ́n. Ọpọlọ tó farapa á rán wọn jáde, wọ́n á lọ pe àwọn ọmọ ogun ara, àwọn tó máa ń bá kòkòrò àìsàn jà nínú ẹ̀jẹ̀. Àwọn yẹn á ya dé, ibẹ̀ á gbóná, á wú. Wọ́n wá kó òkú nǹkan kúrò nílẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n agbárí ò láyè fún wíwú. Wọ́n á fọ́ ògiri tó wà láàárín ẹ̀jẹ̀ àti ọpọlọ, wọ́n á sì pa èyí tí ì bá yè mọ́ èyí tó ti kú. Ìránṣẹ́ yẹn ni mò ń wá nínú ẹ̀jẹ̀ lójoojúmọ́, mò ń wo iye tó wà níbẹ̀."

Mo ní, "Bí iná oko."

Ó wò mí. Mo wá rán an létí ọ̀gbẹlẹ̀ kan tí iná ẹlẹ́mu fò wọ kòkó wa. Bàbá wọn rán ènìyàn yí gbogbo abà ká, wọ́n wá, tàwọn ti àdá lọ́wọ́. Wọ́n ní àwọn fẹ́ la ojú ọ̀nà tí iná ò ní lè fò kọjá. Nígbà tí èéfín lọ, ohun tí iná jẹ ò tó ìdajì ohun tí àwọn olùrànlọ́wọ́ gé lulẹ̀. A sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. A sun iṣu fún wọn.

"Òun gan-an nìyẹn," Fúnmi wí.

"Ẹ wá fún un ní oògùn tó máa pa àwọn ìránṣẹ́ yẹn lẹ́nu mọ́."

"Àwọn tó gé kòkó yín, ta ló bá yín ṣán ibẹ̀ lẹ́yìn náà, tó bá yín gbin tuntun?"

"Àwọn náà ni."

"Bí tinú orí náà ṣe rí nìyẹn. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, nínú àwọn ìránṣẹ́ kan náà la ti ń rí àwọn tó ń pe ohun tó ń tún ọpọlọ ṣe. Bí a bá dá gbogbo wọn dúró, ojú egbò ò ní jiná. Bí a bá fi gbogbo wọn sílẹ̀, wọ́n á bà á jẹ́. Èwo la máa dá dúró, ọjọ́ wo la máa dá a dúró, ohun tí à ń wá nìyẹn."

"Ẹ ti ń wá a láti ìgbà wo?"

"Wọ́n ti ń wá a kí n tó dé ibẹ̀."

"Oògùn ò sì tíì sí?"

"Ó ń ṣiṣẹ́ lára eku funfun. Bó bá ti kan ènìyàn, kò ní jẹ́ mọ́. Kì í ṣe ẹ̀yin nìkan ló ń sú, Yèyé. Ó sú èmi náà."

Inú bí mi. "Ìyẹn ni pé kòkó bàbá rẹ tí a fi rán ọ níléèwé, eku òyìnbó lo fi ń wò sàn!"

Ẹ̀rín pa á, ẹkún sì gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ó fi ọwọ́ bojú.

"Ibà yẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù," ó wí. "Bí kòkòrò àìsàn kan bá ti wà níbòmíràn nínú ara kí rọpárọsẹ̀ tó dé, àwọn ìránṣẹ́ ti wà lójú ọ̀nà tẹ́lẹ̀ nìyẹn, ogun ti dìde kí ẹnikẹ́ni tó pè é. Á jẹ́ kí ti orí yẹn burú sí i. Wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, kì í ṣe ibà ẹ̀fọn. Wọ́n ti wo àyà, wọ́n ti wo ìtọ̀. Wọn ò rí nǹkan kan. Bàbá ò sì lè fi ẹnu ara wọn sọ ohun tó ń dùn wọ́n."

Mo ní, "Fúnmi, ṣé wọ́n wo ẹnu rẹ̀?"

"Ẹnu ti ṣe?"

"Eyín rẹ̀."

Mo sọ gbogbo rẹ̀. Kànáfùrù, tọ́ọ̀ṣì, omi iyọ̀, ìbúra. Ó ń wò mí bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí. Kò bú mi. Ó kàn tẹ nọ́ńbà, ó na fóònù sí mi. Bàbá Kékeré ló gbé e, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ní ọsibítù. Mo ní mo ti gbọ́.

"Ìyàwó? Ta ló sọ fún ọ? Ta ni ọ̀tá ilé yìí?"

"Bàbá Kékeré, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé fóònù fún dókítà. Eyín wà lẹ́nu rẹ̀ tó ti rà."

"Eyín? Ẹ̀gbọ́n mi tó ń fi eyín ṣí ìgò? Ìyàwó, jẹ́ kí á gbàdúrà, eyín kọ́ ló dá ènìyàn wó báyìí."

"Ẹ gbé e fún dókítà!"

Mi ò jágbe mọ́ ọmọ ilé ọkọ mi rí láti ìgbà tí mo ti délé wọn. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ ohùn obìnrin, ọmọdé ni lójú tèmi, ó ní òun ni dókítà.

"Màmá, apá ibo?"

"Apá òsì, nísàlẹ̀, èyí tó kángun sẹ́yìn."

Mo gbọ́ tó ń sọ pé, "Bàbá, ẹ lanu fún mi. Ẹ lanu dáadáa." Dáre wà níbẹ̀, mo gbọ́ ohùn rẹ̀ náà, ó ń bẹ bàbá rẹ̀ bí ẹni bẹ ọmọdé. Lẹ́yìn náà mo gbọ́, "Háà." Rọpárọsẹ̀ ti fa ẹnu lọ sí òsì. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó wú, gbogbo wọn rò pé ara ẹnu tó wọ́ náà ni.

"Màmá, ẹ ṣeun. Ọyún ló kún ibẹ̀. Kí ló wá dé tí ẹ ò sọ láti ọjọ́ yìí wá?"

Mo gbé fóònù kúrò létí. Ta ni mo máa ṣe àlàyé yẹn fún?

Wọ́n tú ọyún náà jáde, wọ́n yọ eyín, wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́. Ní ọjọ́ kẹta ibà lọ. Lẹ́yìn rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé ènìyàn pẹ̀lú ojú, ó ń di ọwọ́ Dáre mú. Ó pé ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n tó gbé fóònù sí i létí.

"Ẹ kú ìnira o," mo ní. "Èmi ni. Ṣé ẹ ti jẹun?"

"Ó tì."

Dáre pariwo lẹ́yìn, "Wọ́n ti jẹun o, Yèyé! Ọ̀rọ̀ kan yẹn ló ń jáde."

"Ṣé ẹ mọ ẹni tó ń bá yín sọ̀rọ̀?"

"Ó tì. Ó tì. Ó tì!"

Ó ń bínú. Ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ wà nínú rẹ̀, èyí tí kò fẹ́ ló ń jáde. Mo mọ̀ pé ó mọ̀ mí, nítorí ohùn yẹn ló ti fi ń bá mi jà láti ìgbà èwe wa. Mo jókòó níbẹ̀, mo jẹ́ kó máa bá mi jà.

Mo ní kí wọ́n dá mi padà sílé lọ́la. Wọ́n ní lọ́la kẹ̀. Fúnmi ní láti rí ẹni tó máa tọ́jú ọmọ, ibi iṣẹ́ rẹ̀ ò fún un láyè, ọkọ rẹ̀ ò rí ìsinmi gbà. Ọ̀sẹ̀ méje ló gbà. Ọ̀sẹ̀ méje tí mò ń wẹ ọmọ ẹlòmíràn, tí ẹlòmíràn ń wẹ ọkọ mi. Àwọn ènìyàn máa ń ní ọ̀nà jíjìn ló ń jẹ́ àjò. Mi ò rò bẹ́ẹ̀ mọ́. Ọwọ́ tó lè ṣiṣẹ́ wà lọ́hùn-ún, ohun tí ọwọ́ náà mọ̀ wà ní Ìkẹ́rẹ́, kò sì sí ẹni tó ronú láti bi mí. Ìgbà tí wọ́n ò bi mí yẹn ni mo mọ̀ pé mo ti kúrò nílé.

Nígbà tí mo dé, Bàbá Kékeré wá kí mi. Kò bẹ̀bẹ̀. Ó ní, "A ò fẹ́ kí ìwọ náà ṣubú ni." Òótọ́ ló sọ. Èyí tó burú níbẹ̀ nìyẹn. Inú ń bí mi, mi ò rí ẹni tí mo máa bí i sí, torí ìfẹ́ ni gbogbo wọn fi ṣe é. Ìfẹ́ ni wọ́n fi fi àdí pa á nílé fún ọjọ́ méjì kí wọ́n tó gbé e lọ sí Adó. Ìfẹ́ lèmi náà fi pa ẹnu mọ́ nítorí eyín.

Mo lọ bá dókítà kékeré yẹn. Mo ní, "Bí wọ́n bá ti sọ fún mi lọ́jọ́ kìíní, tí mo sì sọ fún yín, ṣé ì bá lè sọ̀rọ̀ lónìí?"

"Màmá, mi ò mọ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó dì ti ṣe tirẹ̀ kí wọ́n tó gbé wọn dé. Eyín náà dá kún un, ṣùgbọ́n ìwọ̀n tó dá, kò sí bí mo ṣe lè wọ̀n ọ́n lára wọn."

"Ọmọ mi ń wọ̀n ọ́n."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Kí ó bá wa yára, màmá."

Mo rò pé màá rí ìdáhùn kan gbé délé. Ọwọ́ òfo ni mo gbé dé. Bàbá wọn ń fi ọ̀pá rìn báyìí, ọwọ́ ọ̀tún ń rọ̀ dirodiro. Ó ní ọ̀rọ̀ mẹ́ta: ó tì, wá, àti oko. Bó bá pè mí, "wá" ni. Orúkọ mi ò tíì jáde.

Ní ọdún tó tẹ̀lé e, Fúnmi mú ọmọ wálé. Mo pe òun àti Dáre sí pálọ̀, mo ní kí wọ́n ti ilẹ̀kùn, kí wọ́n gbé bàbá wọn jókòó sáàárín wa. Ohun tí mo sọ fún wọn nìyí.

Mo ní: "Bí ẹnu mi bá wọ́, tàbí tí ẹsẹ̀ mi bá kọ̀, ẹ má fi òróró kankan pa mí. Ọsibítù ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé mi lọ. Bí ẹ bá ṣe ń gbé mi lọ, kí ẹ máa pe gbogbo ẹni tó mọ ara mi. Ẹni tó wà lókè òkun, ẹ pè é. Ẹni tó ń ṣàìsàn, ẹ pè é. Ẹni tó ń ṣèdánwò, Fúnmi, ẹ pè é. Ẹ jẹ́ kó sunkún. Ẹkún kò pa mí ní ìlú òyìnbó. Oorun tí ẹ jẹ́ kí n sùn ni mi ò lè dárí jì, tiyín àti tèmi. Èyí tí mo ṣe fún ọ nígbà ikú ìyá mi, ọmọ mi, mo tọrọ àforíjì."

Fúnmi fẹ́ sọ̀rọ̀. Mo ní kó dúró.

Mo ní: "Ẹ tẹ́tí sí mi, torí ẹnu ṣì ń ṣiṣẹ́. Mi ò lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mọ́ láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀. Ó ń jẹ́ kí n máa jáde tọ̀ nígbà ìwàásù, ojú sì ń tì mí. Ìka mẹ́ta lọ́wọ́ òsì mi máa ń kú láràárọ̀. Mo ṣubú lórí àtẹ̀gùn ilé rẹ lọ́hùn-ún, Fúnmi, ọmọ wà lẹ́yìn mi, kò fara pa, èmi fi ìbàdí gbá ilẹ̀, ó ṣì ń dùn mí."

"Yèyé!" Dáre ti dìde, ó ń wá kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀.

Mo ní: "Jókòó. Mi ò tíì sọ ọ́ tán."